Alẹ́ Tí A Ná Ọjà Ayé Àtijọ́ ní Esslingen

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú biribiri nígbà tí èmi àti àwọn ọmọ mi méjì sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ní ìlú Esslingen, ní orílẹ̀-èdè Jámánì. Ọmọ oṣù mẹ́jọ wà ní ẹ̀yìn mi. Mo fi ọ̀já gbà á, mo sì wọ ẹ̀wù òtútù ọkọ mi bo àwa méjèèjì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, di ọwọ́ mi mú. Iṣẹ́ alẹ́ ni bàbá wọn ń ṣe ní ọ̀sẹ̀ náà. Kérésìmesì wa àkọ́kọ́ lẹ́yìn odi nìyẹn; kò sí ìyá àgbà nítòsí, kò sí ọmọ ìyá ẹni, n kò sì fẹ́ kí ọmọbìnrin mi máa rántí rẹ̀ bí ọdún tí a kàn jókòó ti fèrèsé.

Ẹ̀bá odò Neckar ni Esslingen wà, kò jìnnà sí Stuttgart. Ogun Àgbáyé Kejì ba Stuttgart jẹ́ gidigidi, ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kan Esslingen rárá. Nítorí náà ni àwọn ilé onígi àtijọ́ ibẹ̀, tí òmíràn nínú wọn ti wà láti ọ̀rúndún kẹtàlá, fi dúró títí di òní. Ní ìparí oṣù Nofẹ́ḿbà ni wọn a máa ṣí ọjà náà, wọn a sì ká a nílẹ̀ kí ọjọ́ Kérésìmesì gan-an tó dé. Apá kan rẹ̀ jẹ́ ọjà Kérésìmesì gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Jámánì ti ń ná an láti ayébáyé. Ti ìlú Dresden ti wà láti ọdún 1434. Apá kejì ni èmi tìtorí rẹ̀ lọ: ọjà ayé àtijọ́, ìgbà tí idà àti asà ń ṣèlú ní Yúróòpù. Àwọn òǹtajà wọ aṣọ olówùú kíki, ògùṣọ̀ ń jó, èéfín igi gba gbogbo ojú pópó. Owó Yúrò pàápàá, orúkọ owó àtijọ́ ni wọ́n ń pè é. A kì í san owó ìwọlé.

A rí àwọn ahunagbọ̀n àti àwọn tí ń fẹ́ gíláàsì. A rí obìnrin kan tí ń da omi gbígbóná àti ọṣẹ sí irun àgùntàn, tí ó ń fi ọwọ́ yí i títí irun náà fi lẹ̀ mọ́ra, tí ó sì di fìlà láìsí abẹ́rẹ́ tàbí òwú kankan. A rí àgbá igi ńlá tí ènìyàn lè wọ̀ lọ wẹ omi gbígbóná nínú òtútù yẹn! Mo rẹ́rìn-ín, mo sì kọjá lọ.

Ibi tí mo ti ń wá owó nínú àpò láti ra ohun mímu ni mo ti jọ̀wọ́ ọwọ́ ọmọ mi. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, n kò rí i mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti bímọ mọ bí àyà ti í já. Mo pe orúkọ rẹ̀ ní ohùn rara. Gbogbo ojú tí ó yí padà wò mí, kò sí èyí tí í ṣe tirẹ̀. Ọmọ ẹ̀yìn mi bú sẹ́kún. Obìnrin tí ń ta ohun mímu fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀, ó bi mí pé àwọ̀ wo ni fìlà ọmọ náà. Mo ní pupa ni. Òun ni ó kọ́kọ́ rí i, níwájú àgọ́ alágbẹ̀dẹ, tí ó la ẹnu sílẹ̀, tí iná ń tàn sí i lójú.

Mo ti gbé ọwọ́ sókè láti nà án, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ náà tó wálẹ̀, mo ti dì mọ́ ọn.

“Màámi, ẹ wò ó,” ni ó wí, “ewìrì nìyẹn, bí ti ilé Ìyá Àgbà!”

Òtítọ́ ni. A dúró níbẹ̀ fún bí ààbọ̀ wákàtí. Alágbẹ̀dẹ náà ti irin bọ iná títí ó fi pọ́n bí ẹ̀yinná, ó fi ẹ̀mú gbé e jáde, ó fi òòlù lù ú, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì rì í bọ omi. Ìkọ́ kan ni ó jáde. Yúrò 8 ni mo rà á, èyí tí mo ti yà sọ́tọ̀ fún àkàrà òyìnbó olóyin.

Bí ẹ̀yin náà bá máa lọ, ẹ kọ nọ́ńbà tẹlifóònù yín sínú ìwé, kí ẹ fi í sí àpò ọmọ kí ẹ tó kúrò nílé. Èmi kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ ọmọ lọ, nítorí òkúta ni wọ́n tẹ́ sí ojú pópó. Ọ̀já ló dára jù. Wáìnì pupa gbígbóná tí ń ta sánsán kànáfùrù yẹn, ọtí ni o, kò yẹ abiyamọ tí ń fún ọmọ lọ́yàn. Ẹ béèrè ti àwọn ọmọdé, tí kò ní ọtí nínú. Wọn yóò gba owó kọ́ọ̀bù lọ́wọ́ yín, bí a ti ń san owó ìgò nílé. Ẹ dá kọ́ọ̀bù padà, kí ẹ gba owó yín.

Kí a tó lọ, ọmọ mi gun kẹ̀kẹ́ ńlá onígi kan tí ń gbé àwọn ọmọdé yípo sókè sódò. Ọwọ́ ni àwọn ọkùnrin fi ń yí i, kò sí ẹ̀rọ kankan. Nínú ọkọ̀ ojú irin ni ó ti bi mí bóyá ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ ìgbà náà ń ṣeré báyìí. Mo fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ọjà yẹn kò fi ohun gbogbo hàn wá, kò sì yẹ kí n parọ́ fún un. Mo sọ fún un pé ebi a máa pa wọ́n. Pé láàárín ọdún 1347 sí 1351, àjàkálẹ̀ àrùn pa àìmọye ènìyàn ní Yúróòpù. Pé ọ̀pọ̀ ọmọ kì í dàgbà, nítorí kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára irú èyí tí àbúrò rẹ̀ gbà. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọwọ́ kan ẹsẹ̀ àbúrò rẹ̀ tí ó yọ lábẹ́ ẹ̀wù mi, ó sì fa ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ sókè.

Ìkọ́ náà wà lára ògiri ilé ìdáná wa. Òun ni a fi ń gbé ìpọnbẹ̀ kọ́.