Òkúta Owó Pọ́ọ́kú: Ta Ló San Ìyókù?



Ẹni tó bá ń kọ́lé ní Àjàṣẹ́ mọ bí owó ṣe ń lọ. Ó ra ilẹ̀, ó ra sìmẹ́ńtì, ó ra irin. Lẹ́yìn náà ló kan òkúta wẹ́wẹ́. Ilẹ̀ tiwa níhìn-ín, yanrìn àti ilẹ̀ pupa ni. Ọ̀nà jíjìn ni ọkọ̀ ti ń kó òkúta wá. Bí a bá rí ẹni tó tà á ní owó pọ́ọ́kú, inú wa á dùn. Ṣùgbọ́n ṣé a máa ń bèèrè pé: ta ló fọ́ ọ?

Àwọn ọmọ tó fọ́ òkúta

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2003. Ẹ mọ Abẹ́òkúta ní Nàìjíríà. Orúkọ ìlú náà ti sọ fún wa pé òkúta pọ̀ níbẹ̀. Ní ọdún yẹn, ọlọ́pàá Nàìjíríà kó àwọn ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tó ju 100 lọ jáde níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, wọ́n sì dá wọn padà sílé. Púpọ̀ nínú wọn, ọmọ agbègbè Zakpota ni, ní ẹkùn Zou. Àwọn mìíràn kò tíì pé ọmọ ọdún 10.

Báwo ni wọ́n ṣe dé ibẹ̀? Ẹnì kan á wá sí abúlé. Á fún òbí ní owó díẹ̀. Á ní ọmọ á ṣiṣẹ́, á sì gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ bọ̀ wálé. Òbí tí ìṣẹ́ ń bá jà á gbà. Bí ọmọ bá dé ọ̀hún, òòlù ni wọn á fi lé e lọ́wọ́. Láti àárọ̀ dalẹ́ ló ń fọ́ òkúta. Eruku ń wọ imú rẹ̀, èérún òkúta ń ta sí i lójú. Ẹlòmíràn ló sì ń gba owó.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó ra òkúta náà san díẹ̀. Ọmọ yẹn ló fi ara rẹ̀ san ìyókù.

«Kí ló kàn mí níbẹ̀?»

Ẹlòmíràn á ní: «Èmi kọ́ ni mo kó ọmọ lọ. Ọjà ni mo rà.» Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tó ń rà, ta ni wọn á tà á fún? Àwọn àgbà tilẹ̀ ní: ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un.

Kì í ṣe òkúta nìkan. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 2013, ilé Rana Plaza wó ní ilẹ̀ Bangladesh. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rán aṣọ pọ́ọ́kú fún àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ògiri ti là ní ọjọ́ tó ṣáájú, síbẹ̀ wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ wọlé. Àwọn tó kú ju 1 100 lọ.

Kí la lè ṣe?

Ní ọdún 2005, Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn lórí ọ̀ràn kíkó ọmọ. Ní ọdún 2006, ìjọba wa ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ lọ sí ibòmíràn láìsí ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n àwa tí à ń ra ọjà ní iṣẹ́ tiwa:

1. Kí a tó ra òkúta, kí a bèèrè ibi tó ti wá àti ẹni tó fọ́ ọ.

2. Kí a má dúnàá-dúrà kọjá ààlà. Ìyá tó ń fọ́ òkúta lẹ́bàá ọ̀nà nílẹ̀ wa kì í ṣe ọ̀tá. Bí owó rẹ̀ bá pé, ọmọ rẹ̀ lè lọ sí ilé ìwé. Bí a bá já a walẹ̀ jù, ọmọ náà ni yóò bá a gbé òòlù.

3. Bí a bá rí ọmọdé lẹ́nu iṣẹ́ líle, tí a kò rí òbí rẹ̀, kí a sọ fún olórí àdúgbò tàbí ọlọ́pàá.

Ọmọ wa ni à ń kọ́lé fún. Kò yẹ kí ọmọ ẹlòmíràn jìyà nítorí rẹ̀.

Ẹ jọ jíròrò: Ọjà wo lẹ rà lọ́sẹ̀ yìí tí owó rẹ̀ kéré jù? Ta lẹ rò pé ó ṣe é?