Schimmelpfennig: Orúkọ Tí Wọ́n Fi Bú Ahun
Ó tó ẹ̀ẹ̀mẹta kí n tó lè pè é já: Schimmelpfennig. Lédè Jámánì, Schimmel ni nǹkan funfun tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu. Pfennig ni kọ́bọ̀ wọn kí owó Euro tó gbapò rẹ̀ ní 2002. Ahun ni wọ́n fi ń bú: ẹni tó di owó mọ́wọ́ títí owó fi bu! Inagijẹ tí aládùúgbò sọni ló wá di orúkọ ìdílé.

Kò wọ́pọ̀, ṣùgbọ́n ó rìn jìnnà. Ọ̀gágun Alexander Schimmelfennig, tí wọ́n bí ní 1824, jà nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà. Nínú ìjà Gettysburg lọ́dún 1863, ẹ̀gbẹ́ ilé ẹlẹ́dẹ̀ ló sá pamọ́ sí fún ọjọ́ mélòó kan. Òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé ni Roland Schimmelpfennig, ọmọ ìlú Göttingen ní Jámánì.

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá pàdé ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yìí, ẹ má pè é láhun. Baba ńlá rẹ̀ ni wọ́n sọ ọ́.