Bí A Ṣe Ń Rán Króṣè Mọ́ Aṣọ

Ǹjẹ́ ẹ ti rí aṣọ tábìlì tàbí aṣọ ìrọ̀rí tí wọ́n fi króṣè ṣe etí rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ rí? Króṣè jẹ́ léèsì tí a fi ọwọ́ ṣe. Òwú àti abẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ ni a fi ń hun ún. Kò dà bí léèsì òde àríyá, nítorí ẹ̀rọ ni ó ń ṣe ìyẹn.

Króṣè kì í tètè parí. Èyí tí ó gùn tó mítà méjì lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá rán an mọ́ aṣọ dáadáa, aṣọ lè gbó kí króṣè má gbó. A ó tú u, a ó sì rán an mọ́ aṣọ tuntun.

Kí á tó bẹ̀rẹ̀, a ó fọ aṣọ àti króṣè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, a ó sá wọn, a ó sì fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ wọ́n. Ìdí ni pé aṣọ òwú tuntun máa ń súnkì bí omi bá kàn án. Bí ó bá súnkì lẹ́yìn tí a ti rán króṣè mọ́ ọn, etí rẹ̀ yóò hunjọ. Lẹ́yìn náà, a ó ṣẹ́ etí aṣọ lẹ́ẹ̀mejì, a ó sì rán an kí ó má baà máa tú. Èyí ni à ń pè ní ìṣẹ́tí aṣọ.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan aṣọ tábìlì bá jẹ́ 50 sẹ̀ǹtímítà, etí rẹ̀ yíká jẹ́ 200. Ṣùgbọ́n króṣè ní láti yí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ìbú rẹ̀ bá jẹ́ 3, a ó fi ìlọ́po méjì rẹ̀, ìyẹn 6, kún un fún igun kọ̀ọ̀kan. Èyí jẹ́ 24. A ó fi 2 kún un fún ibi tí orí àti ìdí rẹ̀ ti pàdé. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 226 sẹ̀ǹtímítà.

A ó wá fi píìnì mú króṣè mọ́ ìṣẹ́tí. A kò gbọdọ̀ fà á, kí ó má baà súnjọ bí a bá rán an tán.

Bí a bá fẹ́ fi ọwọ́ rán an, a ó lo abẹ́rẹ́ tín-ínrín àti òwú tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti króṣè mu. A ó fi kókó òwú pamọ́ sínú ìṣẹ́tí. A ó ki abẹ́rẹ́ bọ ihò króṣè kan, a ó fi mú etí aṣọ díẹ̀, a ó sì fa òwú jáde. Báyìí ni a ó ṣe láti ihò dé ihò. A kò gbọdọ̀ fi abẹ́rẹ́ la òwú króṣè, kí ó má baà já. Ọ̀nà yìí kò yá, ṣùgbọ́n ó rọrùn láti tú.

Ẹ̀rọ ìránṣọ yá ju ọwọ́ lọ, ìrán rẹ̀ sì lágbára. Ó dára fún aṣọ ìrọ̀rí tí à ń fọ̀ lemọ́lemọ́. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹ̀rọ lè há sínú ihò króṣè, kí ó sì fà á ya. Nítorí náà, a ó tẹ́ bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé króṣè lórí, a ó rán wọn pọ̀, a ó sì ya bébà náà kúrò. A gbọ́dọ̀ yọ píìnì kọ̀ọ̀kan kí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tó dé ibẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá gún píìnì, ó lè ṣẹ́, kí ó sì ta síni lójú.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni króṣè rírán rí.

Ìdánrawò
1. Kí ni ìdí tí a fi ń fọ aṣọ àti króṣè kí á tó rán wọn pọ̀?
2. Kí ni ìwúlò bébà nígbà tí a bá ń fi ẹ̀rọ rán króṣè?
3. Èwo ni ìwọ yóò yàn fún króṣè tí ìyá àgbà hun: ọwọ́ ni tàbí ẹ̀rọ? Sọ ìdí rẹ̀.
4. Ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan aṣọ tábìlì kan jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà. Ìbú króṣè rẹ̀ jẹ́ 2. Báwo ni króṣè náà yóò ṣe gùn tó?
5. Fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ṣe gbólóhùn: ìṣẹ́tí, súnkì, lemọ́lemọ́.