Àwọ̀ àti Aládùúgbò Rẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní: "Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ." Ohun tí òwe yìí ń kọ́ wa ni pé ẹni tí a bá ń bá rìn lè sọ wá dà bí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí a bá dé ìdí àwòrán kíkùn, ọ̀rọ̀ máa ń yí padà. Lọ́pọ̀ ìgbà, ńṣe ni àwọ̀ kan ń ti èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jìnnà sí ara rẹ̀.

Ẹ dán èyí wò. Ẹ gé ègé kékeré méjì tó dọ́gba láti ara pépà aláwọ̀ eérú kan. Ẹ gbé ọ̀kan lé orí pépà dúdú, kí ẹ gbé èkejì lé orí pépà funfun. Èyí tó wà lórí dúdú yóò mọ́lẹ̀ ju èkejì lọ, bẹ́ẹ̀ ara pépà kan náà ni a ti gé wọn. Bí ẹ bá gbé e lé orí pupa, yóò fẹ́ jọ àwọ̀ ewé díẹ̀. Lórí àwọ̀ ewé, yóò fẹ́ pọ́n díẹ̀.

Kí ló fà á? Ojú wa kì í wọn àwọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wọn aṣọ lọ́pàá. Ojú àti ọpọlọ ń fi ibì kan wé àyíká rẹ̀ ni, wọn a sì máa fi kún ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀ rí nílẹ̀ Faransé. Ní 1824, Michel-Eugène Chevreul, onímọ̀ kẹ́míṣìrì, di olórí iṣẹ́ aró ní Gobelins, ní ìlú Paris, níbi tí wọ́n ti ń hun aṣọ aláwòrán tí à ń fi kọ́ ara ògiri. Àwọn ènìyàn ń ráhùn pé òwú dúdú ibẹ̀ kò dúdú tó láàárín búlúù àti elésè àlùkò. Chevreul fi òwú náà wé dúdú tí wọ́n pa níbòmíràn, kò rí àléébù kankan. Aládùúgbò ló fa wàhálà! Búlúù ń ti dúdú síhà àwọ̀ ọsàn díẹ̀, dúdú a sì dà bí ohun tó ṣá. Ó tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1839, àwọn ayàwòrán bíi Georges Seurat sì kọ́ ọgbọ́n níbẹ̀.

Àwọn alaró tiwa náà ń jẹ èrè rẹ̀. Ẹ wo àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Nígbà mìíràn, aró máa ń wọ ibi tí wọ́n fi ẹ̀kọ bò, ibẹ̀ a sì di búlúù fẹ́ẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n nítorí pé aró tó yí i ká dúdú minimini, ojú wa a fẹ́rẹ̀ẹ́ kà á sí funfun.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, bí ọmọ bá kun àwòrán, tí àwọ̀ kò rí bó ṣe rí nínú abọ́ tó ti pò ó, ẹ má yára sọ pé kò mọ̀ ọ́n pò. Ẹ lu ihò kékeré sára pépà funfun, kí ẹ fi bo àwòrán náà, kí àwọ̀ yẹn nìkan yọjú. Ẹ̀yin ọmọ, kí ẹ tó da ọ̀dà yín nù, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ àwọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àwọn àgbà ló kúkú sọ ọ́: "Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà." Ẹ má dá àwọ̀ lẹ́jọ́ láìjẹ́ pé ẹ gbọ́ ti aládùúgbò rẹ̀.