Títa Ohun Ẹ̀kọ́ ní Òkè Òkun

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ jẹ mọ́ òwò, ó sì jẹ mọ́ ẹ̀kọ́ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn méjèèjì kò lè gbé inú ilé kan náà. Wọ́n ní ẹni tí ń kọ́ni kò gbọdọ̀ ronú èrè, ẹni tí ń wá èrè kò sì lè bìkítà fún ọmọ tí ń kàwé. Ṣùgbọ́n kò sí ilé ẹ̀kọ́ kan tí kì í ra nǹkan. Ìwé, pátákó, ẹfun, gègé, tàdáwà, àwòrán ilẹ̀ ayé, títí dé kọ̀ǹpútà ti òde òní, ẹnìkan ni ó ṣe wọ́n, ẹnìkan ni ó sì tà wọ́n. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni a ti ń ra irú nǹkan báwọ̀nyí láti òkè òkun. Nítorí náà, ìbéèrè mi ni èyí: ṣé rírà nìkan ni ti wa? Kí ni àwa náà ní tí a lè tà fún àwọn ará òkèèrè, báwo ni a ó sì ṣe tà á tí yóò fi wúlò fún ẹni tí ó rà á?

Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn tí ó ti tà fún wa rí. Ní ọdún 1843 ni a tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Samuel Ajayi Crowther kọ, ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni a sì ti tẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ọ̀pọ̀ ọdún: ọ̀rọ̀ lè jẹ́ tiwa, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni a ti ń sọ ọ́ di ìwé. Àwọn ìwé mìíràn wà tí ọ̀rọ̀ inú wọn pàápàá kì í ṣe tiwa. Àwọn ìwé kíkà Royal Readers, tí ilé ìtẹ̀wé Thomas Nelson ṣe, dé àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn tí ó kọ wọ́n ní lọ́kàn. Ọmọ tí kò rí kí yìnyín bo ilẹ̀ rí a máa ka ìtàn yìnyín, a sì máa há a sórí láìmọ ohun tí ó ń sọ.

Nígbà tí ó yá, àwọn oníwé náà kọ́ ọgbọ́n. Longmans tẹ ìwé Aláwìíyé tí J. F. Ọdúnjọ kọ, èyí tí ọmọ Yorùbá bá ilé àti oko baba rẹ̀ pàdé nínú rẹ̀. Ní ọdún 1949, ilé ìtẹ̀wé Oxford ṣí ẹ̀ka kan sí Ìbàdàn. Ní oṣù January 1955, ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, iye àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì ju 800,000 lọ ní ọdún náà. Ẹni tí ó ti mọ àwọn olùkọ́ wa àti àwọn òǹkọ̀wé wa ṣáájú ìgbà náà ni ọwọ́ rẹ̀ lè tètè tó irú ọjà ńlá bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà ní àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi là lójú ni pé wọ́n wá jókòó tì wá, wọ́n sì gba ẹni tí ó mọ ilẹ̀ sí iṣẹ́.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a yí ojú sí ohun tí àwa ní. Ohun ẹ̀kọ́ kan wà tí kò sí ẹni tí ó yẹ kí ó mọ̀ ọ́n ṣe jù wá lọ, èyí ni ìwé àti ohùn tí a fi ń kọ́ èdè Yorùbá. Àwọn tí ń wá a pọ̀. Àwọn ọmọ wa wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n wà ní Houston àti ní ìlú mìíràn ní Amẹ́ríkà. Àwọn yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, bí ti Wisconsin, ti fi èdè wa sínú ẹ̀kọ́ wọn. Ní Salvador ní ìpínlẹ̀ Bahia, ní ilẹ̀ Bùràsílì, a dá ilé ìwádìí kan sílẹ̀ ní yunifásítì ní ọdún 1959 fún ọ̀ràn Áfíríkà àti Ìlà Oòrùn, a sì ti kọ́ni ní Yorùbá níbẹ̀. Ní ọdún 2003, ìjọba Bùràsílì ṣe òfin 10.639, tí ó pa á láṣẹ pé kí a máa kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìtàn àti àṣà Áfíríkà àti ti àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó wà ní ilẹ̀ náà. Òfin tí ó bá pàṣẹ ẹ̀kọ́ ti pàṣẹ pé kí a wá ìwé pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí a yára di ẹrù wa. Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìwé tí ó dára ní Ìbàdàn lè di aláìwúlò ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ wo ìwé ABD tiwa: ó gbà pé ọmọ ti ń sọ Yorùbá láti ẹnu ìyá rẹ̀, pé kíkà nìkan ni ó kù. Ọmọ tí a bí ní Peckham yàtọ̀ sí èyí. Ó ti mọ̀wé kà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kò lè kí ìyá àgbà rẹ̀. Ìwé tirẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkíni àti ọ̀rọ̀ ẹnu, kí a sì fi ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ tì í lẹ́yìn.

Ẹ wo àmì ohùn pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ìwé tí a ń tẹ̀ ní ilé kò ní àmì, nítorí pé àwa lè fi òye mọ ohun tí òǹkọ̀wé ń wí. Ẹni tí ó wà ní òkèèrè kò ní òye yìí. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí a ń wọ̀, àti ọ̀kọ̀ tí ọdẹ ń sọ, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú rẹ̀ bí a bá yọ àmì kúrò. Ìwé tí kò ní àmì dà bí àwo tí ó jò: a lè fi ṣe ọ̀ṣọ́ nínú ilé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó rà á láti fi bu omi yóò bá wa jà.

Ní ti àwọn ará Bùràsílì, wọ́n ti ń fi lẹ́tà èdè Potogí kọ díẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ wa. Ṣàngó di Xangô, Ọ̀ṣun di Oxum, àṣẹ di axé, àkàrà tí àwọn obìnrin ń dín ní ìgboro Salvador ni wọ́n sì ń pè ní acarajé. Ní Kúbà, níbi tí a ti ń sọ èdè Sípéènì, Changó àti Ochún ni wọ́n ń kọ. Ìwé tí a bá fẹ́ tà níbẹ̀ ní láti fi èdè tí wọ́n gbọ́ ṣe àlàyé, kí ó sì fi hàn wọ́n pé x tiwọn ni ṣ tiwa. Ìwé tí a fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé kò lè ràn wọ́n lọ́wọ́ púpọ̀.

Wàyí o, báwo ni ọjà yóò ṣe dé ibẹ̀? Ìwé wúwo, owó ọkọ̀ sì lè ju owó ìwé lọ. Nítorí náà, ẹ rántí pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. A lè ta àṣẹ ìtẹ̀wé fún òǹtẹ̀wé tí ó wà níbẹ̀, kí ó tẹ̀ ẹ́, kí ó sì máa san ìpín tiwa. A lè fi ìwé àti ohùn ránṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹrù ni a ó kó, kí a forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ìgbìmọ̀ NEPC tí ìjọba Nàìjíríà yàn fún ọjà tí ń lọ sí òkèèrè, kí a sì gba nọ́mbà ISBN ní Ilé Ìkàwé ti Orílẹ̀-Èdè. Àdéhùn tí àjọ UNESCO ṣe ní Florence ní ọdún 1950 kọ̀ fún àwọn tí ó fọwọ́ sí i láti gba owó ibodè lórí ìwé. Òfin ńlá Bùràsílì ti ọdún 1988 kò sì jẹ́ kí a bu owó-orí lé ìwé. Kí a mọ àkókò pẹ̀lú: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, September ni ọdún ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ní Bùràsílì, nǹkan bí oṣù February ni. Ẹrù tí ó bá dé lẹ́yìn tí olùkọ́ ti ra ìwé yóò sùn sínú àká.

Ọ̀nà òkun kò sì ṣe é fi ṣeré. Samuel Johnson parí ìwé ìtàn Yorùbá ní ọdún 1897, ṣùgbọ́n ìwé àfọwọ́kọ rẹ̀ sọnù ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kú ní ọdún 1901. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, tún un kọ láti inú àwọn ìwé tí ó fi sílẹ̀. Ọkọ̀ Appam tí ó gbé e lọ sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn ará Jámánì lójú òkun ní ọdún 1916. Ọdún 1921 ni a tó tẹ̀ ẹ́ jáde. Ewu ti òní kì í ṣe ti ọkọ̀ nìkan mọ́. Ewu wà nínú àdéhùn ẹnu lásán, nínú ọjà àwìn, àti nínú iṣẹ́ tí a fi lélẹ̀ fún ẹni tí a kò mọ̀. Kí a tọ́jú ẹ̀dà ohun gbogbo, kí a kọ àdéhùn sílẹ̀, kí a sì gba owó tàbí ìdánilójú ilé ìfowópamọ́ kí ẹrù tó kúrò nílé.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, èrè wà nínú òwò yìí, n kò sì ní ohun ìtìjú láti sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá ṣe é, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò ní dúró dè wá. Wọn yóò kọ́ Yorùbá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá tà á fún wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀. Ìyá àgbà yóò sì gbé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ sétí ní Ìbàdàn, yóò gbọ́ ohùn ọmọ ọmọ rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, kò sì ní gbọ́ ohun tí ó ń wí. Òǹkọ̀wé, olùkọ́, àti òǹtẹ̀wé tí ó wà láàárín yín, ẹ lọ bá akẹ́kọ̀ọ́ yín sọ̀rọ̀ ná, kí ẹ tó mú gègé.