Ta ló lè mú ìjọba? Ohun tí kóòtù ECOWAS fi hàn wá

Tí ìjọba bá fi ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú rẹ̀ dù ú, tí kóòtù ilé ò sì gbà á, ṣé ó parí náà nìyẹn?

Láyé àtijọ́, ó parí. Lọ́dún 1576, amòfin Faransé kan, Jean Bodin, kọ ọ́ sínú ìwé pé àṣẹ orílẹ̀-èdè kò ní ọ̀gá láyé ńbí. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ nínú ilé onílé, ará ìta kò gbọdọ̀ yọjú sí i.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Hadijatou Mani Koraou ní Niger. Ọmọ ọdún 12 ni nígbà tí wọ́n tà á ní 240,000 owó CFA, ó sì ṣẹrú fún bí ọdún mẹ́sàn-án. Nígbà tó kúrò níbẹ̀ tó fẹ́ ọkọ tó wù ú, kóòtù ilẹ̀ wọn ní ó fẹ́ ọkọ méjì, wọ́n rán an lẹ́wọ̀n. Ló bá gba kóòtù ECOWAS lọ. Ní October 27, 2008, kóòtù náà sọ pé ìjọba Niger jẹ̀bi, torí pé kò dáàbò bò ó. Wọ́n ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 10 CFA fún un, ìjọba sì san án.

Ó kan àwa náà. Ní June 2021, ìjọba Nàìjíríà ti Twitter pa. Ní July 2022, kóòtù yìí kan náà, tó wà l'Ábújá, ní ohun tí wọ́n ṣe kò bófin mu.

Láti ọdún 2005 ni aráàlú ti lè gbé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, láì tíì pe ẹjọ́ nílé. Ìdí rèé tí àwọn onímọ̀ òfin òde òní fi ń sọ pé àṣẹ ò sí lọ́wọ́ ẹnì kan mọ́, ó ti pín.

Àmọ́ o, kóòtù náà ò ní ọlọ́pàá. Ìjọba tí wọ́n dá lẹ́bi náà ni yóò mú ìdájọ́ ṣẹ, ọ̀pọ̀ ni kì í ṣe é. Ìjọba sì lè jáde pátápátá: ní January 29, 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger fi ECOWAS sílẹ̀, wọ́n láwọn fẹ́ dá dúró. Ọ̀nà tí Hadijatou gbà rí ìdájọ́ ò dájú mọ́ fún ọmọbìnrin míì ní Niger.

Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìbéèrè tó kù ni pé, tí wọ́n bá lé àgbà kúrò lọ́jà, ta ni yóò tún orí ọmọ ṣe?