Egungun tí Ń Yòrò: Àkíyèsí lórí Èròjà Líle inú Egungun àti Ìlò Rẹ̀ nínú Ìwòsàn

Bí a bá dárúkọ egungun, líle rẹ̀ ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú bébà yìí ni pé, ní ti ìwòsàn, bí èròjà líle inú egungun ṣe ń yòrò ṣe pàtàkì ju líle rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ẹsẹ̀ wọn tẹ̀ bí ọrun ni àpẹẹrẹ tí mo gbójú lé jù.

Hydroxyapatite ni àwọn onímọ̀ ń pe èròjà náà. Kálísíọ̀mù àti fọ́sífeètì ni ó para pọ̀ di í. Àmì rẹ̀ ni Ca₁₀(PO₄)₆(OH)₂, gíráàmù kan rẹ̀ sì ní kálísíọ̀mù tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 0.4 gíráàmù. Ti inú egungun kò mọ́ tó bẹ́ẹ̀. Kábọ́néètì wọ inú rẹ̀, hóró rẹ̀ kéré jọjọ, èyí sì mú kí ó tètè yòrò ju èyí tí a fi iná sun ní yàrá ìwádìí lọ. Ara okùn tín-ín-rín tí a ń pè ní kọ́lájìn ni ó lẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ fojú rí i kò nílò ẹ̀rọ: kí ó ri egungun itan adìẹ kan sínú ọtí kíkan fún ọjọ́ mélòó kan, yóò rọ̀ bí rọ́bà, nítorí pé èròjà líle ti yòrò kúrò. Kí ó sun òmíràn nínú iná títí yóò fi funfun, yóò dúró bí ó ti rí, ṣùgbọ́n yóò máa rún mọ́ni lọ́wọ́, nítorí pé kọ́lájìn ti jóná.

Nínú iṣẹ́ abẹ, èyí tí ó ń yòrò díẹ̀díẹ̀ ni a ń fẹ́. Láti 1920 ni Albee àti Morrison ní Amẹ́ríkà ti dán irú èròjà bẹ́ẹ̀ wò nínú egungun tí ó ṣẹ́. Láàárín ọdún 1980 sí 1990 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í fi hydroxyapatite bo irin tí a ń fi rọ́pò oríkèé ìdí, kí egungun aláìsàn lè hù mọ́ irin náà. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá, nítorí pé àrùn fòníkú-fọ̀ladìde a máa pa orí egungun itan àwọn ọ̀dọ́ wa. Èròjà náà nìkan kò lè ru ẹrù ara. A máa ṣẹ́ bí àwo tánganran.

Ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù lọ wà nínú ara wa fúnra wa. Nǹkan bí 99 nínú 100 kálísíọ̀mù ara ni ó wà nínú egungun àti eyín. Bí àjọ ni egungun rí: bí ti inú ẹ̀jẹ̀ bá fẹ́ dín kù, ara a lọ kó níbẹ̀. Ọmọ tí ó ń kó tí kò sì rí dá, egungun rẹ̀ yóò rọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì tẹ̀.

Àwọn ìwé ilẹ̀ Yúróòpù kọ́ wa pé àìtó fítámìnì D, èyí tí oòrùn ń fún ara, ni ó ń fa àrùn yìí. Ta wá ni oòrùn kò tó fún nílẹ̀ yìí? Ní 1991, Friday Okonofua àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ̀wé pé àìtó kálísíọ̀mù nínú oúnjẹ ni ó fà á fún àwọn ọmọ Nàìjíríà. Ní 1999, Thacher àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Jos lórí ọmọ 123 jáde. Kálísíọ̀mù tí àwọn ọmọ náà ń jẹ lójúmọ́ kò ju nǹkan bí 200 mílígíráàmù lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 24, 61 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí a fún ní kálísíọ̀mù nìkan ni ó san dé ìwọ̀n tí a fẹ́. Ti àwọn tí ó gba méjèèjì jẹ́ 58. Ti àwọn tí ó gba fítámìnì D nìkan kò ju 19 lọ. Lọ́dún kan náà, Oginni àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ilé-Ifẹ̀ ròyìn pé kálísíọ̀mù wo irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sàn.

Èyí tí ó wù mí jù ni ìwádìí 2015. Thacher àti àwọn tirẹ̀ fún àwọn ọmọ kan ní òkúta láìmù tí a lọ̀, irú òkúta tí a ń wà ní Ewékorò fún sìmẹ́ńtì. Wọ́n fún àwọn yòókù ní ẹja tí a lọ̀ tegungun-tegungun. Méjèèjì ṣiṣẹ́. Egungun ẹja ni hydroxyapatite gan-an: omi kíkan inú ikùn yòrò rẹ̀, ara ọmọ sì tún un tò sí egungun tirẹ̀. Àbùdá tí ń jẹ́ kí eyín jẹrà ni ó sọ ọ́ di oògùn.

Ní agbègbè Òkè-Agbò, ògì ni ọmọ tí a gbà lẹ́nu ọmú sábà máa ń jẹ, kálísíọ̀mù inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Síbẹ̀ Ogun Waterside níbi tí wọ́n ti ń pẹja kò jìnnà sí wa. Ìyá tí ń yọ egungun ẹja fún ọmọ kò ṣi ṣe, nítorí pé ó lè há ọmọ lọ́fun. Gbígbẹ àti lílọ̀ kúnná bí ìyẹ̀fun ni ó mú ìyàtọ̀ wá. Kì í sì í ṣe gbogbo ẹsẹ̀ títẹ̀ ni àìtó kálísíọ̀mù ń fà: ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì lè tọ́ fúnra rẹ̀, àwọn àrùn mìíràn sì wà tí ń tẹ ẹsẹ̀. Àwòrán egungun àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ilé ìwòsàn ni a fi ń mọ èyí tí ó jẹ́.